Orúkọ Wa Wà Níbi Tí Owó Ti Ń Wọlé

Ògiri kan wà lẹ́yìn àwọn agbada tí a fi ń yan gàrí ní ẹbu wa. Èéfín ti sọ apá òkè rẹ̀ di dúdú kirikiri, ẹni tó bá sì wọlé láìmọ̀dí yóò rò pé ọmọdé ló ya nǹkan wúruwùru sí apá ìsàlẹ̀. Ìlà èédú ni, mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n fi ìkarùn-ún dábùú. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún kẹ́ẹ̀gì omi kan, kẹ́ẹ̀gì lítà 25, tí obìnrin kan rù láti odò wá sí ẹbu. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì ni a fi kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á tán ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, 412 ni mo bá níbẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí àti láfún níbẹ̀. Àwọn 17 ni wọ́n. Ìyá mi wà lára wọn, owó gàrí ló sì rán mi lọ sí yunifásítì LAUTECH. Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹbu náà wà, ẹ̀yìn ìlú díẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ti máa ń yà kúrò lójú títì. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló wà ní agbègbè yìí. Mi ò ní dárúkọ èyí tó ni wá, nítorí mi ò rò pé ó burú ju àwọn yòókù lọ. Bóyá òun tiẹ̀ sàn díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí ìwé ìṣúná rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wa, ohun tí a bá nínú rẹ̀, àti ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹni tí kò bá ti ìdí gàrí wá lè má mọ bí omi ṣe jẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti wú u nílẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, owó tó o fi rà á á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ bó o, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń rin ín, kí wọ́n rọ ọ́ sápò, kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́. Ti láfún tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú omi ló ń sùn fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó sá a. Nínú oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ orí obìnrin ni omi tí wọ́n fi ṣe ọkà náà gbà kọjá.

Ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní ẹbu wa, ọkùnrin ló ni ọkọ̀, ọkùnrin ló sábà máa ń ni oko. Bíbó, fífọ̀, jíjọ̀, yíyan àti omi pípọn, ti obìnrin ni.

Ìbéèrè kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, agbowó tíkẹ́ẹ̀tì dé, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wá yí sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ tó o lọ yunifásítì, owó tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bí ọ, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

Mi ò mọ̀. Ojú tì mí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo ní mo fẹ́ rí ìwé ìṣúná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní tábìlì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ta ló rán yín níṣẹ́?" Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ méje ló sì fún ọ́fíìsì tí wọ́n bá kọ̀wé sí. Tiwa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fọ́tókọ́pì ni wọ́n kó fún mi, ojú ìwé mélòó kan ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo wá lọ wà níbẹ̀.

A kà á ní ẹbu, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká rí gàrí yan. Àwọn ìyá jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o, èmi ń túmọ̀ ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Apá àkọ́kọ́ ni owó tó ń wọlé. Mo ka owó tó ń ti Àbújá wá. Òun ló pọ̀ jù, kò sì ta ẹnikẹ́ni létí. Mo wá ka owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Owó ìsọ̀. Owó ibùdókọ̀. Owó ilé ìpẹran. Ìyá kan gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Àwa nìyẹn!" Ni ẹ̀rín bá sọ. Inú wọn dùn, mo sì mọ̀ ọ́n lára: ta ni inú rẹ̀ kì í dùn tó bá rí ara rẹ̀ nínú ìwé ìjọba?

"Kà á síwájú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ibo ni wọ́n tún ti dárúkọ wa?"

Mo kà á síwájú. Owó oṣù. Owó ìtọ́jú ọ́fíìsì. Owó àlejò. Àtúnṣe ọkọ̀. Ìlà kan fún ẹ̀rọ omi méjì, láìsọ wọ́ọ̀dù tó wà fún. Lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ajílẹ̀, oògùn apakoríko, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín in. Mo ṣí i lọ títí mo fi dé ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti kọ obìnrin sí: ìrónilágbára, ẹ̀rọ ìránṣọ, àti dráyà fún àwọn onídìrí. Ìyá Àgbà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fọwọ́ kan gèlè orí rẹ̀. "Dráyà. Kí n fi gbẹ èwo?"

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́ẹ̀kejì yìí ò dà bíi ti àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìṣúná ìjọba rẹ̀ mọ̀. Ọwọ̀n méjì ló yẹ kó máa wò pa pọ̀: èyí tó jẹ́ àbá, àti èyí tó sọ iye tó jáde lóòótọ́ lọ́dún tó kọjá. Iwájú ẹ̀rọ omi, ní ọwọ̀n kejì, òdo ni wọ́n kọ. Iwájú owó àlejò, ohun tó jáde ju àbá lọ. Ẹni tó bá ka àbá nìkan, ìlérí ló kà.

Mo ti rò pé màá bá ibì kan nínú ìwé náà tí wọ́n ti fi obìnrin ṣeré. Mi ò rí i. Kò sí ìlà kan tó ní kí wọ́n má fún obìnrin. Ti ẹ̀rọ oògùn yẹn ló là mí lójú nípa bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí àgbẹ̀ wá gbà á. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ibi tí oko wà, bó ṣe tóbi tó, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ baálẹ̀ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tẹni tó kọ ọ́. Ilẹ̀ ọkọ tàbí ilẹ̀ bàbá ni àwọn ìyá wa tó ń dáko ń lò. Àwọn yòókù ò dáko rárá, wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ ni. Lójú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹni tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ kì í ṣe àgbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn 17 tó rí ẹ̀rọ gbà. Àbúrò bàbá mi rí gbà. Ó yọ̀, mo sì bá a yọ̀, kò jí i.

Lọ́dún yẹn, oko tó dá tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, nítorí oògùn ti bá a ṣe iṣẹ́ ọkọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, ọkọ̀ ń wọ́ wá sí ẹbu, owó ẹ̀gẹ́ sì wálẹ̀. Ayọ̀ ló yẹ kí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ ń fẹ́ omi tó pọ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta kan náà, láti inú odò kan náà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ju kẹ́ẹ̀gì márùn-ún lọ lóòjọ́ ò lè ra ju èyí tó ń rà tẹ́lẹ̀ lọ, bó ti wù kí ẹ̀gẹ́ pọ́ọ́kú tó. Àwọn alágbàtà ìlú ló wá kó ìyókù lọ. Ìjọba náwó sórí oko, wàhálà bọ́ sí ẹbu, èrè bá àwọn alágbàtà lọ.

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn ni à ń tọrọ. Rárá o. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ kedere: dídá ọjà sílẹ̀ àti títọ́jú rẹ̀, ilé ìpẹran, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, ó sì ní kí wọ́n lọ́wọ́ sí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún akápò ìjọba ìbílẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ kan, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, owó tiwa kì í dé ọwọ́ wa." Ó ní ohun tó ń sọ. Ìwé òfin yẹn kan náà ló ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ti Àbújá bọ̀ wọ inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, ó sì di ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dájọ́ pé kí wọ́n máa san án tààrà fún ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ò gba Àbújá kọjá. Ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń gbà á, lọ́jọ́ ọjà, ní náírà.

Ọ̀rọ̀ owó orí kì í ṣe àwàdà nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní àwọn ò san owó orí fún ìjọba tí àwọn ò ní ẹnu nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú rògbòdìyàn owó orí ọdún 1969, Ṣọ̀ún kú sí i. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Tí mo bá rò ó, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa la máa ń bínú sí. Ibi tí wọ́n ń ná an sí kì í fi bẹ́ẹ̀ bí wa nínú, bóyá nítorí pé ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn kì í fi agogo ké e.

Káńsẹ́lọ̀ wa ló sọ gbólóhùn tó gbé wa dé ìdí ògiri yẹn. Mo ní omi ń pa wá lára. Ó ní, "Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rí wá." Mo fẹ́ pín bírò àti ìwé fún wọn kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n ń pọn, Ìyá Àgbà ló ní ta ni yóò fi ọwọ́ ẹ̀gẹ́ mú bírò. Ó mú èédú lábẹ́ agbada, ó fa ìlà kan sára ògiri. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà. Ìyá kan yarí pé a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, ẹni tó bá ń ka ẹrù orí rẹ̀, ẹrù náà á máa pọ̀ sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi fa ìlà kankan. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó rí i pé ìlà aládùúgbò rẹ̀ ti gun dé ẹnu fèrèsé, ó béèrè bóyá òun lè fa ti àná àti ìjẹta pọ̀. A gbà fún un.

Àlọ àtàbọ̀ odò, pẹ̀lú ìgbà tí èèyàn fi ń dúró kí ibi tí wọ́n ti ń bu omi tòrò, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Kẹ́ẹ̀gì 412 lọ́nà ìṣẹ́jú 25 lé ní wákàtí 171. Tó o bá pín in fún àwọn 17, wákàtí mẹ́wàá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún. Tó o bá sì fi wákàtí mẹ́jọ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ló wà nínú ìlà èédú yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀. Òdo tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀rọ omi nínú ìwé ìṣúná, òun rèé lára ògiri wa. Owó orí ni, wọn ò kàn já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni.

Wọ́n pe ìpàdé aráàlú lórí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀, lọ́jọ́ ọjà. Mo rò pé àṣìṣe ni. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn mẹ́rin ló bá mi lọ, àwọn tó kù bá wọn ta gàrí wọn. Àwọn ọkùnrin ti kún àga iwájú nígbà tí a dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ àtúnṣe gbọ̀ngàn, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó kàn wá, mo ka iye tó wà lára ògiri fún wọn. Gbọ̀ngàn dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó darí ìpàdé wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti obìnrin nìyẹn, ẹ lọ rí ẹ̀ka àwọn obìnrin." Ẹ̀ka àwọn obìnrin! Ìyẹn ni pé ká lọ pín ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ̀lú àwọn aránṣọ.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ìṣúná tí Ùgáńdà ṣe lọ́dún 2015 ò fi ọ̀rọ̀ obìnrin mọ sí ọ́fíìsì obìnrin: iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ òde, omi, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìṣúná òun kò yọ obìnrin sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún ìṣúná ní ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọsirélíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìṣúná wò lọ́nà yìí lọ́dún 1984. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan dára lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé omi tí a fi ń fọ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin ju bí ajílẹ̀ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni méjèèjì.

Ẹni tó gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnjiníà iṣẹ́ òde ni, ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó nawọ́, ó ní ẹ̀rọ omi méjì wà nínú àbá tí wọn ò tíì sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí, pé ibi tí wọ́n bá ti ní iye kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rọrùn láti gbèjà ju ibi tí wọ́n kàn ń pariwo lọ. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹbu wa sí i nìyẹn.

Wọ́n gbẹ́ ẹ lóòótọ́. Kó tó di ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, omi jáde, wọ́n ya fọ́tò, alága gé rìbọ́ọ̀nù. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, epo tí wọ́n rọ sí i lọ́jọ́ ìṣílẹ̀kùn tán. Mo padà sí ìwé ìṣúná: owó gbígbẹ́ wà níbẹ̀, owó jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ fún epo, kò sí fún àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra epo bẹntiróòlù láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹgbẹ́ wá ń gba ₦20 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ìyá mi ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìjà kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan tó ìwé kan lọ́tọ̀. Mi ò ní wọ inú rẹ̀.

A tún ka omi, ọjọ́ márùn-ún, èédú kan náà. Kẹ́ẹ̀gì 430 lọ́tẹ̀ yìí. 290 wá láti ìdí ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ìkọ̀ọ̀kan. 140 wá láti odò, nítorí epo tán lọ́jọ́bọ̀. Nǹkan bí wákàtí 87 lápapọ̀: mẹ́wàá ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di márùn-ún. Mo béèrè ohun tí wọ́n fi wákàtí márùn-ún tó ṣẹ́kù ṣe. Àwọn mẹ́ta fi láfún kún gàrí wọn. Ọ̀kan ń tètè délé kí ọmọ rẹ̀ obìnrin má bàa pẹ́ dé ilé ìwé. Ìyá tó yarí nípa kíkà ní òun fi tòun sùn, ó sì wò mí bíi pé kí n gbìyànjú kí n sọ pé kò dáa.

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ìyá mi tún gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀: kí wọ́n fi sólà rọ́pò jẹnẹrétọ̀, tàbí kí ìlà kan wà fún epo àti àtúnṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n sì yẹ ìpàdé ìṣúná kúrò lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ kìíní náà la bá ní tábìlì. Ó wo lẹ́tà, ó wo ìyá mi. "Ẹ̀yin oníkẹ́ẹ̀gì yẹn náà nìyí?" Ìyá mi ní àwa ni. Ó ní ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń gbà. A ti mú un dání. Ó lu òǹtẹ̀ sí tiwa, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì béèrè bóyá láfún tó funfun dáadáa wà lọ́wọ́ wa. Ìyá mi ní kóńgò mélòó ló fẹ́.